Bí Mo Ṣe Fi Òfin Ọjà Ìpàtà Ta Kọ́ìnì Màámi Tíṣà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àpótí sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, èmi náà ti rín in tèmi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rín in tán, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, torí ẹ̀kọ́ náà wọ́n kí ó tó yé mi.

Ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Ìpàtà, ní Ìlọrin níbí. Ó ti lé lógún ọdún. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ilé kéú àti pírámárì tí mi ò parí. Àmọ́ tó bá di ká ṣírò iye tí kóńgò ẹ̀wà mẹ́tàdínlógún jẹ́, kí o tó fa fóònù yọ, mo ti gbowó, mo ti fún ọ ní ṣéńjì, mo sì ti bú ọ pé ò ń fi àkókò mi ṣòfò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni Màámi Tíṣà. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì. Yàrá rẹ̀ àti tèmi dojú kọra nínú ilé kan náà, ó sì ti di ọdún kọkànlá báyìí. Kírísítẹ́nì ni, mùsùlùmí ni mí. Tó bá di Iléyá, itan àgbò kan á sọdá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá di Kérésìmesì, ìrẹsì àti adìyẹ á sọdá padà. Òun ló kọ́ Sàfúrá ọmọ mi ní ìṣirò títí ó fi wọ yunifásítì ní Malete, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi gan-an, òun ló kọ́ mi láti ka ohun tí wọ́n kọ sínú fóònù, nígbà tí mo ti pé ogójì ọdún. Ó ní orí mi pé, ẹnu mi ló pọ̀ jù. Mo ní ẹnu yẹn ni mo fi ń ta ẹ̀wà.

Ojú ló wá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nǹkan funfun kan bí omi ògì ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó burú dé ibi tí ó máa ń kí aṣọ tí mo sá sórí okùn pé ẹ kú iṣẹ́. Èmi á dá a lóhùn láti inú yàrá, màá ní aṣọ náà ń kí i, ó ní kó wọlé wá jẹun. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa sunkún?

Wọ́n ní àwọn dókítà ojú kan ń bọ̀ wá sí Ìlọrin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wá, owó wọn kì í sì í ga bíi ti àwọn yòókù. Wọ́n máa ṣí ojú kan ní Àlàmísì, wọ́n á ṣí èkejì ní Sátidé, wọ́n á kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n á lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, iye kan náà ni, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ Àlàrùbá tó ṣú, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú Àlàmísì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pé, kó lọ jókòó sílé kó máa kí aṣọ.

Ibo lowó wà? Inú fóònù. Dáyọ̀, ọmọ Màámi tó wà lókè òkun, ti ń fi kọ́ìnì ránṣẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ má tíì máa pariwo pé bitcoin. Kì í ṣe bitcoin. Bitcoin ni bàbá àgbà wọn. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ tí kò gbé jẹ́ẹ́, tó máa ń fò sókè fò sílẹ̀ bíi tata. Dáyọ̀ ti ṣàlàyé gbogbo bí wọ́n ṣe ń tà á fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, Màámi sì ti há a sórí. Àmọ́ kò rí ojú fóònù. Sàfúrá wà ní Malete, ó ń ṣe ìdánwò. Ta ló kù? Èmi náà ni. Bí èmi ẹlẹ́wà ṣe di ojú àti ìka Màámi Tíṣà nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ bi í pé ṣé nǹkan yìí kò ní jẹ́ haráámù. Ó ní kí n bi àfáà mi. Mo bi àfáà. Àfáà wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wá bi mí pé èló ni wọ́n ń tà á báyìí.

Ní Àtìní, ìyẹn ọjọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Màámi pè mí jókòó. Ó ní kí n tó tẹ ohunkóhun, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mò ń tẹ̀. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì, irọ́ ni wọ́n ń pa fún ìjọba. Ó ní kí n bu ẹ̀wà díẹ̀ wá sínú àwo, ó fi ọwọ́ pín in sí mẹ́ta.

Ó ní ká sọ pé mo ní àpò ẹ̀wà kan tí mo fẹ́ tà. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo lè gbà sọ fún ọjà pé mo fẹ́ tà á.

Ó ní àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní market order. Ìyẹn ni kí n sọ pé, iye yòówù tó bá wà nílẹ̀ báyìí, ẹ gbé e. Á tà lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo dá iye, ẹni tó ń rà ló dá a. Tí ọjà mi bá sì pọ̀ ju ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ rà lọ, ìyókù á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó pe owó tó kéré sí tirẹ̀. Mo ní ó yé mi. Mo ní bí èmi ṣe máa ń tà nìyẹn tí òjò bá ṣú, tí mi ò sì ní tapólì.

Ó ní ìkejì ni limit order. Ìyẹn ni kí n dúró lórí iye tèmi: iye báyìí ni mo fẹ́, tí kò bá tó o, ẹ fi í sílẹ̀. Kò ní tà ní ohun tó dín sí i láéláé. Àmọ́ ó lè má tà rárá, torí mi ò lè fipá mú ẹnikẹ́ni kó gòkè wá bá mi. Ìyẹn náà yé mi. Ṣebí bí Ìyá Kúdírátù, tí ìsọ̀ wa jọ fara kanra, ṣe ń ṣe nìyẹn, tí ẹ̀wà rẹ̀ fi ń rí ọdún tuntun.

Ó ní ìkẹta ni stop loss. Ìyẹn wà fún ọjọ́ burúkú. Èèyàn máa fi àmì sí ìsàlẹ̀, á ní tí ọjà bá fi lè já wálẹ̀ débí, ẹ bá mi tà á kíá, kó tó bàjẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ní bíi kòkòrò ẹ̀wà ni! Tí mo bá ti rí ihò kan lára ẹ̀wà, mi ò ní dúró kí ó di ìyẹ̀fun kí n tó lé e lọ. Màámi pàtẹ́wọ́. Ó ní Dáyọ̀ lo wákàtí kan gbáko kí èyí tó yé òun. Mo ní ẹ sọ fún Dáyọ̀ kó wá kọ́ṣẹ́ ẹ̀wà.

Mi ò ní pe iye owó náà fún yín níbí, torí mo mọ àwọn tí etí wọn gùn láàárín yín. Èmi àti Màámi gan-an kò pè é. Iye ojú tó lè ṣí la fi ń ka owó náà. Ní Àtìní yẹn, tí a bá ta kọ́ìnì náà, owó rẹ̀ jẹ́ ojú kan àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń gòkè láti ọjọ́ mélòó kan. Màámi ní ká fi limit order sí ibi tó ti máa pé ojú méjì géérégé, ká sì dúró. Ó fi orí pe iye náà fún mi, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó ń pe dictation. Ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ìka yẹn kò nílò ojú. Ó na fóònù sí mi.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń tà, mo bá rí àwọn èèyàn. Kì í ṣe pé mo rí ojú wọn o, nọ́ńbà ni. Àwọn tó fẹ́ rà wà nísàlẹ̀, aláwọ̀ ewé. Àwọn tó fẹ́ tà wà lókè, pupa, wọ́n tò léra bíi ti ìlà àwa ẹlẹ́wà ní Ìpàtà, oníkálukú pẹ̀lú iye tó ń pè. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló sún mọ́ àwọn olùrà, àwọn ọlọ́wó gọbọi wà lókè pátápátá. Mo wá iye tí Màámi pè. Àárín wọn ló bọ́ sí! Tí mo bá fi iye yẹn síbẹ̀, màá wà níwájú àwọn bíi mẹ́jọ tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọjà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní ìlà tiwa, òfin kan wà tó le ju irin lọ. Oníbàárà tó bá ti dúró níwájú ìsọ̀ ẹnìkan, ti ẹni yẹn ni, títí tí yóò fi gbé ẹsẹ̀ kúrò. O kò gbọ́dọ̀ pè é. O kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú sí i. Pàápàá jù lọ, o kò gbọ́dọ̀ pe owó tó dín sí ti ẹni tó ń bá a nájà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣe é, ìtanràn kéréètì míníráàlì méjì ni. Mo ti san án rí, nígbà tí mo ṣì kéré lọ́jà. Kì í ṣe míníráàlì yẹn ló dùn mí, bí Alhaja olórí wa ṣe ń mu tirẹ̀, tó ń wò mí látinú ìgò, ni mi ò gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí àwọn èèyàn wọ̀nyí tí wọ́n ti tò kalẹ̀, ara mi kò gbà á. Kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí n sì lọ pe owó tó dín sí tiwọn? Ṣé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni? Mo wo ẹni tó wà lókè pátápátá, mo fi díẹ̀ lé iye tirẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Mo tò sẹ́yìn bí ọmọlúàbí.

Màámi bi mí pé ṣé mo ti ṣe é. Mo ní mo ti ṣe é. Wàláì, mi ò parọ́. Kò bi mí pé iye wo ni mo tẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Àtàlátà, mo gbé fóònù Màámi dání lọ sí Ìpàtà, nínú àpò tí mo máa ń so mọ́ ìdí. Bí mo bá ti wọn kóńgò méjì, màá yọ ọ́ wò. Ẹ ò rí i, ọjọ́ náà ni tata yẹn rántí pé òun ní ìyẹ́! Ojú kan àti ààbọ̀ kọjá. Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó ku bíńtín kó pé ojú méjì. Kí ìrun Àìlà tó tó, ó ti pé ojú méjì, ó tún lé.

Ṣé inú mi bàjẹ́? Rárá o! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó wà níwájú mi ń tà tí wọ́n ń lọ, èmi ń yọ̀ fún wọn. Mo ní ìlà ń rìn. Mo sọ fún Ìyá Kúdírátù pé ó ku ẹni mẹ́ta péré kó kàn wá. Ó bi mí pé kàn wá níbo. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ọjà òyìnbó ni. Nígbà tí mo lọ kírun, mo tọrọ fún ẹni mẹ́ta yẹn gan-an pé kí Ọlọ́run bá wọn tà á kíá.

Mo kírun dé, mo yọ fóònù. Ìlà ti kún padà! Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n gba iwájú mi. Wọ́n pe owó tó kéré sí tèmi. Àwọn mìíràn tún dé, wọ́n gba iwájú àwọn yẹn. Mo bú wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ mi? Iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kó ẹrù sílé, ó ti padà sí ojú kan àti ààbọ̀, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ sílé ni orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Mo ń rò ó pé iye tí Màámi pè ti dé, ó ti kọjá, àwọn èèyàn rà á ní iye yẹn. Bí mo bá ti tẹ iye tó pè, a ti tà á. Ojú méjèèjì ti wà nílé.  Mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kí Màámi má tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ó ti gbọ́. Dáyọ̀ ti pè é ní ọ̀sán lórí fóònù rẹ̀ kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ó ti kí i kú oríire pé kọ́ìnì ti kọjá iye wọn. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ orin ìsìn, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ó gbọ́ ìró bàtà mi, ó ní òun ti pe àwọn dókítà, òun ti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún Àlàmísì àti Sátidé. Ó ní òun máa ka Bíbélì onílẹ́tà wínníwínní tí ọkọ òun fi sílẹ̀.

Mo jókòó sórí ilẹ̀. 

"Màámi, kò tíì tà."

"Báwo? Dáyọ̀ ní ó ti kọjá iye wa."

"Ó kọjá iye yín. Kò dé iye tèmi."

Ó yí ojú sí mi. "Iye tìẹ. Ìwọ náà ní iye?"

Mo bá ka gbogbo rẹ̀ fún un. Àwọn èèyàn pupa, ìlà, òfin Ìpàtà, bí mo ṣe tò sẹ́yìn. Mi ò fo ìkankan.  Màámi tú gèlè rẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni tó ń lọ aṣọ.

"Mùínátù," ó ní. Tí Màámi bá ti pe orúkọ mi báyìí, tí kò pè mí ní Ìyá Sàfú, kí n mọ̀ pé mo wà ní kíláàsì. "Àwọn èèyàn tí o kò rí rí, tí wọn ò mọ̀ ọ́, lò ń tijú fún?"

"Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, Màámi."

Ó wò mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ dé ibi tí ó ń fi ọwọ́ gbá orókún, ó ń sọ pé kí n tún ibi tí mo ti gbàdúrà fún ẹni mẹ́ta yẹn sọ. Mo tún un sọ, ó tún rín in. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó fi etí gèlè nu ojú. Ó nù ún, ó nù ún, ó nù ún kọjá bí ẹni tó rẹ́rìn-ín ṣe ń nu ojú. Èmi náà wo ibòmíràn.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo ní àpò ẹ̀wà mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù, pé màá kó o lé àwọn alágbàtà lọ́wọ́ láàárọ̀, iye yòówù tí wọ́n bá pè ni màá gbà. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni kí n tún un ṣe. Ó ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́.

"Owó ilé-ìwé Sàfúrá ni ẹ̀wà yẹn. Mi ò kọ́ ọmọ yẹn ní ìṣirò kí o wá fi owó ìwé rẹ̀ ra ojú fún mi. Mú fóònù wá, ká ṣiṣẹ́."

Ó wá là á yé mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kò sí ìsọ̀ níbẹ̀, kò sí ìlà, kò sí aládùúgbò, kò sí Alhaja pẹ̀lú míníráàlì. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ bá tà. Tí iye ẹni méjì bá dọ́gba, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ tà. Òfin náà nìyẹn, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní bí a bá dé ìlú tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, a kì í dúró máa jà lórí ọwọ́ ọ̀tún.

Mo bi í pé ṣé ká fi market order tà á lójú ẹsẹ̀, kó tó tún já sí i. Màámi rò ó. Ìgbà yìí gan-an ni mo mọ̀ pé tíṣà ìṣirò ni obìnrin yìí lóòótọ́. Ó ní tí a bá tà á báyìí, ojú kan àti ààbọ̀ ni. Ó ní, "Ta ni wọ́n ń ṣí ààbọ̀ ojú fún?" Ààbọ̀ yẹn kò wúlò fún wa. Nítorí náà, a lè fi ààbọ̀ yẹn dúró dè é bóyá á tún gòkè, àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ fi ojú kan tó pé ṣeré. Ibi tí owó ojú kan wà, ibẹ̀ ni ká fi stop loss sí.

Mo kọ́kọ́ ní láti fagi lé ọ́dà àná, torí kọ́ìnì kan náà kò lè jókòó sí ibi méjì. Lẹ́yìn náà ó pe iye tuntun fún mi. Mo ṣàkíyèsí pé ó ga díẹ̀ ju owó ojú kan lọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní tí iye bá já débẹ̀, ẹ̀rọ á sáré tà á ní iye tó bá bá nílẹ̀ ni, ó sì lè bá a nísàlẹ̀ ibi tí a fàmì sí. Ẹni tó bá fi àmì sí ẹnu kòtò gan-an, inú kòtò ni wọ́n ti máa bá a. Mo tẹ iye náà. Ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á, ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ sí mi, mi ò sì bá a wí.

Ní Àlàrùbá, mi ò tíì tú àpò ẹ̀wà kejì tí fóònù fi dún nídìí mi. Mo yọ ọ́. Tata ti bọ́ sílẹ̀, orí ló fi ń lọ sílẹ̀. Ó já dé ibi tí a fàmì sí, ẹ̀rọ sì ti tà á. Gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe sọ, iye tí wọ́n tà á dín díẹ̀ sí iye tí a tẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdérí kóńgò. Owó ojú kan pé. Ó ṣẹ́ku owó kẹ̀kẹ́ àlọ àti àbọ̀.

Mo kígbe. Ìyá Kúdírátù ní ṣé Sàfúrá bímọ ni. Mo ní ojú kan la bí. Kí ó tó di ọ̀sán, iye kọ́ìnì yẹn ti lọ sí ìsàlẹ̀ owó ojú kan, ó ń lọ sí ààbọ̀. Ẹ rò ó wò: bí kì í bá ṣe àmì yẹn, owó ìpara ojú ni à bá máa kó lọ bá dókítà.

A san owó ojú kan kí ilẹ̀ tó ṣú, Màámi sì pe àwọn dókítà fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ti Sátidé. Mo dúró tì í nígbà tó ń pè wọ́n. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Èmi ni mi ò lè jẹun lálẹ́ yẹn.

Ní Àlàmísì wọ́n bi í pé ojú wo ni kí wọ́n ṣe. Ó ní ọ̀tún, torí òun lòun fi ń máàkì ìwé. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n tú báńdéèjì. Nọ́ọ̀sì ní kó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Èmi dúró níwájú rẹ̀, mo ti wọ híjáàbù tuntun. Ó ṣẹ́jú, omi bọ́, ó tún ṣẹ́jú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyá Sàfú. Ìgbà wo lo sanra tó báyìí?"

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó jọ̀ọ́, kó dá báńdéèjì yẹn padà. Màámi di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí a fi dé inú kẹ̀kẹ́. Ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà fún mi, sókè, títí kan nọ́ńbà ọkọ̀ àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Oníkẹ̀kẹ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ojú òsì ṣì wà bó ṣe wà. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Tí a bá jọ jáde báyìí, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni mo máa ń rìn, kì í jẹ́ kí n kọjá sí ọ̀tún. Ó ní ọ̀tún ti ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, òsì ló ń wá olùṣọ́. Mo ń rìn níbẹ̀. Mo ní láti rìn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mi ò ní kí ẹ lọ ra kọ́ìnì. Ẹni tó bá fi owó oúnjẹ rà á, kó má dárúkọ mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun nínú ọjà tí ẹ kò mọ̀, ẹ béèrè òfin ibẹ̀. Tí ẹ bá ń kánjú, iye tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ gbà. Tí ẹ bá lè dúró, ẹ pe iye tiyín, kó jẹ́ iye tí ẹ fẹ́ gan-an, kì í ṣe iye tí ojú ń tì yín láti pè. Kí ẹ sì fàmì sí ìsàlẹ̀, níbi tí ohun tí ẹ kò lè pàdánù wà. Tó bá sì jẹ́ pé ohun ẹlòmíràn lẹ ń bá a tà, iye tó pè ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ fi ìwà rere yín pamọ́ fún ojú tó ń wò yín.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ta ló ti fi ìwà ọmọlúàbí ṣe ara rẹ̀ léṣe báyìí rí, tàbí ó fi ṣe ẹni tó fẹ́ràn léṣe? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Màámi ló máa kà á fún mi, pẹ̀lú ojú ọ̀tún, ó sì ti ní òun máa máàkì rẹ̀.